Àmì Pupa

Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó ba kámẹ́rà náà jẹ́.
Èmi ni. Àkísà funfun àti tínà ni mo fi bà á jẹ́,
ní ọjọ́ kẹta tí a sin Bàbá Fámúrewá,
tí mo dá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkéré,
tí mo ní kí n fi ìmọ́tótó ṣe ìdárò.

Mo nu dígí. Mo nu ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti jẹ ọ̀dà dúdú
títí irin fi yọjú.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì tí a fi ń sọ irú fíìmù tó wà nínú fún un,
mo rí àmì pupa kan, kò ju ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn lọ.
Ìdọ̀tí, mo ní.
Mo nù ún.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì mẹ́tàlá wọlé.
Ìjọba ní kí wọ́n fi fọ́tò jẹ́rìí pé wọ́n ṣì ń mí.
Mo yí bọ́tìnì sí ọgọ́rùn-ún, bó ti wà lára páálí fíìmù.
Abẹ́rẹ́ dìde, ó mì díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ òótọ́.
Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá.

Fọ́tò jáde, ó dúdú bí àjà ilé ìdáná.
Ojú Bàbá Ọlọ́fintúyì àti ẹ̀yìn àga, ọ̀kan náà ni.
Ó wò ó pẹ́. Ó ní,
"Ọmọ mi, ṣé wọ́n á sanwó fún òkùnkùn?"

Bátìrì ni mo kọ́kọ́ fura sí.
Ìpẹtà ti hù nídìí rẹ̀, aláwọ̀ ewé.
Mo fi òwú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, mo ki tuntun bọ̀ ọ́.
Mo fọwọ́ bo ojú mítà, abẹ́rẹ́ wólẹ̀.
Mo kọjú rẹ̀ sí ọ̀run, abẹ́rẹ́ fò sókè.
Kò kú. Kò fọ́jú.
Ta ló wá ń parọ́?

Bàbá a máa sọ pé mítà kò mọ ènìyàn,
eérú ló rò pé gbogbo ayé jẹ́.
Fi aṣọ ìyàwó hàn án, á rọ eérú lé e;
fi awọ tó dúdú minimini hàn án, á fi ẹfun kùn ún.
"Bí ùmọ́lẹ̀ bá rú ọ lójú," (bẹ́ẹ̀ ló ń pè é, bí ará ilé wa)
"gbé e lọ síwájú Olósùnta.
Òkúta yẹn ti ṣe eérú kí a tó bí baba mítà."

Mo gbé e lọ. Oòrùn là, òjìji gé bí ọ̀bẹ.
Òfin kan wà tí kò nílò bátìrì:
fi ihò sí mẹ́rìndínlógún,
kí o pín ìṣẹ́jú àáyá sí iye tó wà lára fíìmù.
Abẹ́rẹ́ kò gbà. Ìṣísẹ̀ méjì gbáko ló fi yàtọ̀.
Ọgọ́rùn-ún sí igba. Igba sí irinwó.

Mo tú síkúrù. Èèkàn abẹ́ bọ́tìnì ti kán,
ojú ibi tó ti kán ti dógùn-ún: kì í ṣe àná.
Ẹnu rẹ̀ ń pe ọgọ́rùn-ún, inú rẹ̀ ń ka irinwó.
Nígbà náà ni mo rántí:
ẹ̀gbẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni àmì pupa wà.

Bàbá mọ̀. Kò rí èèkàn rà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni,
ó tọrọ ọ̀dà èékánná lọ́wọ́ ìyàwó.

Mo lọ bá Màmá Tinúadé nínú aṣọ ọ̀fọ̀.
Ìgò náà ti gbẹ. Kò bèèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe;
ó da tínà sí i, ó gbọ̀n ọ́n, gbọ̀n ọ́n,
ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ó sì kán an síbẹ̀
láì wo nọ́ńbà.

Bàbá Ọlọ́fintúyì ló kọ́kọ́ padà wá. Ó ń rẹ́rìn-ín.
"Wọ́n ti sanwó," ó ní. "Akọ̀wé ò tilẹ̀ wò ó."
Síbẹ̀ ó fa àga, ó tún fìlà ṣe.
"Yá, ya èyí tí èmi fúnra mi fẹ́ máa wò."